Kò Sí Ilẹ̀ Tí Kò Lónílẹ̀: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìrìn-Àjò Ọjọ́ Kan sí Itaparica

Àwọn àgbà wa ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí òwe yìí ti jinlẹ̀ tó, kí ó wo àwọn ọkọ̀ ojú omi tí ń gbé arìnrìn-àjò afẹ́ láti ìlú Salvador, olú-ìlú Bahia ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, lọ sí erékùṣù Itaparica láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo. Ọkọ̀ yóò ṣí ní òwúrọ̀. Orin yóò máa dún nínú rẹ̀, wọn yóò sì pín èso fún èrò. Yóò kọ́kọ́ dúró létí erékùṣù kékeré kan tí a ń pè ní Ilha dos Frades, kí èrò lè lúwẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà ni yóò gúnlẹ̀ sí Itaparica fún oúnjẹ ọ̀sán. Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo wọn á ti padà sí Salvador. Wọn á ti ya àwòrán omi, iyanrìn àti igi àgbọn. Wọn á sì máa sọ fún ará ilé pé àwọn ti rí Itaparica.

Wọn kò rí i. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn àjèjì nìkan ni ó ń tan ara wọn jẹ báyìí, n kò ní fi ọ̀rọ̀ wọn gba àyè nínú ìwé ìròyìn wa. Ṣùgbọ́n ìrìn-àjò sí Bahia ti di ohun tí àwọn ẹgbẹ́ àṣà ń fi ẹnu bà ní Àjàṣẹ́, ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ àti ní ilẹ̀ Tógò. A fẹ́ lọ kí àwọn ẹbí tí òkun gbà lọ́wọ́ wa. Ó dára, ó sì yẹ. Àmọ́ mo ti ń gbọ́ lẹ́nu àwọn kan nínú wa pé Salvador ni iṣẹ́ wà, nítorí pé ibẹ̀ ni ilé òrìṣà ńláńlá wà; pé ní ti Itaparica, ọjọ́ kan tó fún un, kí a lọ gba atẹ́gùn, kí a wo òkun, kí a padà. Èrò yìí ni mo dìde láti ta kò.

Ohun tí mo ní í sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Kò sí ilẹ̀ tí kò lónílẹ̀. Òkun Itaparica lóní, ìsun omi rẹ̀ lóní, ẹrẹ̀ àti òkè rẹ̀ lóní. Ẹni tí ó bá ń wo ilẹ̀ láìkí onílẹ̀, ó kàn gba ojú ibẹ̀ kọjá ni, kò dé ibẹ̀. Bí àjèjì bá ṣe é, àìmọ̀ ni. Bí ọmọ Yorùbá bá ṣe é ní Itaparica, ó ti kọ ẹbí rẹ̀ sílẹ̀ lójú ara wọn.

Ẹ jẹ́ kí a mú àwọn ohun ìran tí wọ́n ń polówó fún wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a wo ohun tí ó wà lẹ́yìn wọn.

Èkíní ni òkun fúnra rẹ̀. Níbẹ̀, òkun yà wọ inú ilẹ̀, ó sì fẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún kìlómítà níbùú lóròó lọ. Àwọn Pọtogí pè é ní Baía de Todos os Santos, ìyẹn òkun gbogbo Ẹni Mímọ́. Itaparica ni ó tóbi jù nínú àwọn erékùṣù inú rẹ̀. Omi náà dákẹ́, ó mọ́ gaara, ó sì wu ojú. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1549 títí di 1763, Salvador ni olú-ìlú gbogbo ilẹ̀ Bùràsíìlì lábẹ́ Pọtogí, inú omi dídákẹ́ yìí sì ni àwọn ọkọ̀ tí ó kó ẹrú láti etíkun wa máa ń gúnlẹ̀ sí. Nígbà tí ogun fọ́ ilẹ̀ Yorùbá ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún àti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn èèyàn wa ni ó kún inú àwọn ọkọ̀ náà. Orúkọ tí wọ́n ń pè wọ́n ní Bahia ni Nagô. Ǹjẹ́ a nílò ẹni tí yóò túmọ̀ orúkọ yẹn fún wa ní Àjàṣẹ́ tàbí ní Kétu? Nàgó tí wọ́n ń pè wá títí di òní náà ni.

Omi yìí kan náà ni àwọn kan gbà padà wálé. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn Mùsùlùmí, tí wọ́n ń pè ní Malê, dì ní Salvador ní oṣù kìíní ọdún 1835, ìjọba ibẹ̀ dojú kọ àwọn aláwọ̀ dúdú tí ó ti gba òmìnira. Wọ́n lé àwọn kan, àwọn mìíràn sì fi owó ara wọn wọkọ̀. Wọ́n gúnlẹ̀ sí Ouidah, sí Agoué, sí Àjàṣẹ́ àti sí Èkó. Àwọn ni a ń pè ní Àgùdà. Àwọn ni ó kọ́ ilé alájà tí fèrèsé rẹ̀ rí roboto lókè. Ọgbọ́n ilé kíkọ́ tí wọ́n mú dé ni ó mú kí Mọ́sálásí Ńlá Àjàṣẹ́ jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia lójú ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí i. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ Àgùdà láti Àjàṣẹ́ bá jókòó sínú ọkọ̀ afẹ́ lórí omi yẹn, tí ó ń jẹ ọ̀pẹ̀-òyìnbó, tí a sì ń sọ fún un pé "ẹ wo bí omi ti dára tó," ojú ọ̀nà tí baba ńlá rẹ̀ gbà bọ̀ ni ó jókòó lé. Kò sẹ́ni tí yóò sọ fún un. Àwọn tí ó ni ọkọ̀ kò mọ̀, òun náà kò sì bi wọ́n.

Èkejì ni àbùùbùtán. Láti nǹkan bí oṣù keje títí di oṣù kẹwàá ni àwọn àbùùbùtán ńlá máa ń wá láti omi tútù ìsàlẹ̀ ayé, wọn a wá bímọ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ etíkun Bahia. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sanwó láti lọ wò wọ́n bí wọ́n ti ń fò sókè. Ìran ńlá ni, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ àtijọ́ tí ìlú Itaparica ń jẹ́ ni Ponta das Baleias, Ṣóńṣó Ilẹ̀ Àbùùbùtán, kì í sì í ṣe nítorí pé àwọn ènìyàn ń wò wọ́n níbẹ̀ ni. Wọ́n ń pa wọ́n ni. Ní ọdún 1602 ni irú ọdẹ bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nínú omi náà. A ń wọ́ ẹran náà wá sétí òkun, a ń gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, a sì ń se ọ̀rá rẹ̀ nínú agbada títí yóò fi di òróró. Òróró yẹn ni a fi ń tan fìtílà ilé àti fìtílà ilé iṣẹ́ ṣúgà tí ń ṣiṣẹ́ mọ́jú. Ta ni ó ń rò ó nínú agbada? Ẹrú ni. Ọdún 1987 ni Bùràsíìlì tó fi òfin de pípa àbùùbùtán pátápátá. Ẹni tí ó bá wo àbùùbùtán lónìí láìgbọ́ ti agbada, ìdajì ìran ni ó sanwó fún.

Ẹ̀kẹta ni ìsun omi tí a ń pè ní Fonte da Bica, nínú ìlú Itaparica. Wọ́n kọ ọdún 1842 sára rẹ̀. Gbajúmọ̀ omi ni. Àwọn ará ibẹ̀ gbà pé ó ń wo ara sàn, pé ó tilẹ̀ ń dá arúgbó padà sí èwe. Èrò a gbé ìgò wọn sí ẹnu rẹ̀, wọn a pọn, wọn a rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ní ọdún 1842, ó ku ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta kí òfin tó dá ẹrú sílẹ̀ ní Bùràsíìlì, nítorí pé ọjọ́ kẹtàlá oṣù karùn-ún ọdún 1888 ni òfin náà jáde. Orí ẹrú ni omi inú ilé àwọn olówó ń gbà wọlé láyé ìgbà náà. Àwa tí a mọ̀ pé a kì í bu omi ìsun láìkí ẹni tí ó ni ín, kí ni a ń wá lẹ́nu ìsun náà pẹ̀lú ìgò òfìfo àti ẹnu dídì?

Ẹ̀kẹrin ni igbó inú ẹrẹ̀, níbi tí gbòǹgbò igi ti dúró lórí omi bí ẹsẹ̀ ènìyàn. Àwọn obìnrin ni ó ni ibẹ̀. Nígbà tí omi bá fà, wọn a wọ ẹrẹ̀ dé orúnkún, wọn a máa ṣa akàn àti oríṣiríṣi ẹran inú ìkarahun. Arìnrìn-àjò a yà wọ́n ní fọ́tò láti òkèèrè, bí ẹni ya ẹyẹ lékeléke. Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ni Maria Felipa de Oliveira. Ìtàn tí àwọn ará erékùṣù ń pa ni pé, nígbà ogun òmìnira tí Bahia bá Pọtogí jà, òun ni ó kó àwọn obìnrin jọ. Wọ́n fi ewé ajónilára, irú èyí tí àwa ń pè ní èsìsì, na àwọn ọmọ ogun Pọtogí, wọ́n sì ti iná bọ ọkọ̀ wọn. Ní oṣù kìíní ọdún 1823 ni Itaparica ṣẹ́gun. Ní ọjọ́ kejì oṣù keje ọdún kan náà ni Pọtogí kó kúrò ní Salvador. Ní ọdún 2018, ìjọba Bùràsíìlì kọ orúkọ Maria Felipa sínú ìwé àwọn akọni orílẹ̀-èdè wọn. Ìtàn obìnrin tí ó fi ewé jà kò ṣàjèjì sí wa. Ohun tí ó yẹ kí ó ṣàjèjì ni pé kí a wo ẹrẹ̀ náà kí a sì rò pé igi nìkan ni ó wà níbẹ̀.

Mo fi èyí tí ó wúwo jù sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ afẹ́ náà máa ń gúnlẹ̀ sí etí òkun Ponta de Areia fún oúnjẹ ọ̀sán. Wọn a tẹ́ tábìlì sórí iyanrìn, wọn a gbé ẹja díndín wá. Lórí òkè tí ó wà lẹ́yìn tábìlì wọ̀nyẹn, ní Bela Vista, ni Ilé Agbòulá wà, ọ̀kan nínú àwọn ilé Eégún tí ó lókìkí jù lọ ní gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Kì í ṣe Eégún eré. Eégún tí ń ti ìgbàlẹ̀ jáde ni, tí a ń fi ìṣán dá ọ̀nà fún, tí ọ̀jẹ̀ ń tọ́jú, tí Alágbà ń ṣe olórí fún, tí èdè tí ń ti ẹnu rẹ̀ jáde sì jẹ́ èdè wa. Inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni a ti ń bọ Onílẹ̀.

Itaparica ni Eégún fi ṣe ibùjókòó ní Bahia láti ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ìtàn tí àwọn ọ̀jẹ̀ ibẹ̀ ń pa sọ nípa Marcos Àgbà, ẹrú tí ó ra ara rẹ̀ padà. Ó wọkọ̀ padà sí ilẹ̀ Áfíríkà pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, wọ́n gbé ibẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì mú ìsìn Baba Olúkòtún bọ̀ wá sí erékùṣù náà, níbi tí wọ́n ti dá ilé Eégún tí a ń pè ní Tuntun sílẹ̀. Ẹ rò ó wò. Ọkùnrin kan gba òmìnira, ó ríbi padà sílé, kò dúró. Ó padà sí ilẹ̀ tí wọ́n ti fi í ṣẹrú, nítorí pé àwọn ènìyàn rẹ̀ wà níbẹ̀ láìní Baba tí yóò máa bá wọn sọ̀rọ̀. Ọdún púpọ̀ ni àwọn ọlọ́pàá Bahia fi lé àwọn ẹlẹ́sìn wa, tí wọ́n ń gba ìlù àti ohun èlò wọn. Omi tí ó yí erékùṣù ká wà lára ohun tí ó bo àwọn Eégún mọ́lẹ̀. Ní ọdún 2015 ni àjọ tí ń tọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Bùràsíìlì wá fi Ilé Agbòulá sí abẹ́ ààbò òfin. Èyí ni "ohun ìran" tí ó wà lẹ́yìn ẹja díndín.

Bóyá ẹnìkan ní Kétu yóò sọ pé ọ̀rọ̀ Ọ̀yọ́ ni Eégún, pé ti òrìṣà ni ó kan Kétu. Kí ẹni náà rántí Mestre Didi, Deoscóredes Maximiliano dos Santos, tí a bí ní 1917 tí ó sì kú ní 2013. Itaparica ni wọ́n ti fi í sínú awo Eégún láti kékeré, ó sì di Alápìní. Ìyá rẹ̀, tí gbogbo ayé ń pè ní Mãe Senhora, ni ó jẹ́ ìyálórìṣà Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá. Ní ọdún 1967, Mestre Didi wá sí Kétu pẹ̀lú aya rẹ̀, Juana Elbein. Wọ́n mú un dé ààfin. Níbẹ̀ ni ó ti ki oríkì ìdílé rẹ̀, èyí tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ, tí ìyá ìyá sì kọ́ ìyá. Àwọn tí ó wà láàfin gbọ́ ọ, wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n sì tọ́ka sí ìhà tí ilé Aṣípa wà. Ó dé ilé. Nígbà tí ó padà sí Bahia, ó dá Ilé Aṣípa sílẹ̀ ní Salvador ní ọdún 1980.

Kò fi owó wá ẹbí rẹ̀, kò sì wá wo Kétu bí ẹni wo ìran. Ìkíni ni ó fi wọlé. Ọmọ tí òkun gbà lọ́wọ́ wa láti ìran mẹ́ta, mẹ́rin, mọ bí a ti ń wọ ìlú ju àwa tí a kò kúrò nílé lọ. Bí òun bá lè kí Kétu báyìí, kí ni yóò jẹ́ àwáwí wa níwájú Itaparica?

Mo mọ̀ pé èsì wà fún mi, n kò sì ní sá fún un.

Àwọn kan yóò ní: "Ṣé a kò lè sinmi ni? Ṣé gbogbo ìrìn-àjò ni ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹkún?" Èmi kò pe ẹnikẹ́ni sí ẹkún. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ lúwẹ̀ẹ́. Yemọja kò bínú sí ẹni tí ó fẹ́ràn omi. Kí ó jẹ ẹja, kí ó sùn lábẹ́ igi àgbọn. Àwọn tí a ń sọ ìtàn wọn yìí náà jó, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì lúwẹ̀ẹ́ nínú omi kan náà. Ìsinmi kọ́ ni mo ń bá jà. Ohun tí mo ń bá jà ni kí a máa sinmi bí ẹni pé kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ kí a tó dé, àti bí ẹni pé kò ní sí ẹnì kankan nígbà tí a bá lọ.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé oúnjẹ àwọn awakọ̀, àwọn alásè àti àwọn tí ń ta àkàrà létí òkun wà lọ́wọ́ àwọn arìnrìn-àjò. Òótọ́ ni, òótọ́ ńlá sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa ibi tí owó náà ń gbà. Ẹni tí ó san owó ọkọ̀ ní Salvador, tí ó jẹun níbi kan ṣoṣo tí ọkọ̀ mú un dé, tí ó sì padà sùn ní Salvador, mélòó ni ó bọ́ sílẹ̀ ní erékùṣù? Ní ọdún 1979 ni ilé ìgbafẹ́ ńlá ti ilẹ̀ Faransé, Club Med, ṣí ẹ̀ka rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Bùràsíìlì ní Itaparica yìí. Irú ilé ìgbafẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn àlejò pé wọ́n lè gbé erékùṣù fún ọ̀sẹ̀ kan láìjáde ní ọgbà. Ìrìn-àjò ọjọ́ kan ni àbúrò rẹ̀. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ èrò lásán láti Salvador sí Mar Grande tàbí sí Bom Despacho pẹ̀lú àwọn ará ibẹ̀, tí ó sùn sílé wọn ní òru méjì, tí ó ra akàn lọ́wọ́ obìnrin tí ó ṣa á, ni owó rẹ̀ dé ọwọ́ onílẹ̀.

Ẹgbẹ́ kẹta ni ó léwu jù, nítorí pé ọ̀rẹ́ wa ni wọ́n. Wọn yóò gbọ́ ohun tí mo sọ, wọn yóò sì pàtẹ́wọ́: "Ó dára bẹ́ẹ̀! Ẹ jẹ́ kí a fi Eégún sínú ètò. Ẹja ní agogo méjìlá, Eégún ní agogo méjì, kí ọkọ̀ tó ṣí." Rárá o. Bí ìyẹn bá ni èso ọ̀rọ̀ mi, ó sàn kí n má sọ̀rọ̀. Eégún kì í jáde nítorí pé ọkọ̀ ti dé. Ó ní ọdún rẹ̀, ó ní òru rẹ̀, ó ní ẹni tí ó lè súnmọ́ ọn àti ẹni tí kò gbọ́dọ̀. Ohun tí ó bá jáde ní agogo méjì fún àlejò, aṣọ ni, kì í ṣe ará ọ̀run. Bí wọ́n bá sì ní kí a má wọlé, ìdáhùn tí a wá gbà ní erékùṣù náà nìyẹn. Kí a gbà á pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀.

A ní àpẹẹrẹ nítòsí. Nínú igbó Kpassè ní Ouidah, wọ́n gbé ère síbẹ̀ fún àjọ̀dún ìpàdé Vodun tí ó wáyé ní oṣù kejì ọdún 1993, láti ìgbà náà ni àlejò sì ti ń wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n apá kan nínú igbó náà wà tí àlejò kì í dé. Àwọn ère ni a ń fi han àlejò; ohun tí ó mú kí igbó jẹ́ igbó wà lẹ́yìn ibẹ̀. Mo fara mọ́ èyí ju kí a ṣí gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lọ. Ilẹ̀kùn tí a tì pẹ̀lú ọ̀wọ̀ kọ́ àlejò ní ẹ̀kọ́ ju ilẹ̀kùn tí a ṣí fún owó.

Kí ni ó dé tí ọ̀rọ̀ yìí fi jẹ́ kíákíá? Nítorí afárá ni. Ní ọdún 2020, ìjọba Bahia fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú àwọn ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Ṣáínà láti kọ́ afárá tí gígùn rẹ̀ lórí omi tó kìlómítà 12.4, láti Salvador dé Itaparica. Lónìí, ọkọ̀ ojú omi tí ń gbé mọ́tò ń lo nǹkan bíi wákàtí kan lórí omi. Lọ́jọ́ tí afárá bá parí, yóò di ìṣẹ́jú díẹ̀. N kò ní kí a má kọ́ afárá. Aláìsàn tí ó ń wá ilé ìwòsàn ní òru nílò rẹ̀, ọmọ ilé ìwé náà nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ ohun tí afárá máa ń ṣe sí ilẹ̀ tí ó bá dé. Ilẹ̀ yóò wọ́n. Ẹni tí kò ní ìwé ilẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ ìró kátakáta lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Igbó tí ọ̀jẹ̀ ti ń já ewé yóò di ibi tí wọ́n ń pín sí ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ ilé. Gbogbo Bahia ni ó mọ̀ pé bí kò bá sí ewé, kò sí òrìṣà. Ní ọjọ́ náà, ohun tí yóò gba ilẹ̀ náà là ni pé kí ó ti hàn gbangba sí gbogbo ayé pé ó lónílẹ̀. Ẹni tí ó sì ń kọ ìwé pé "erékùṣù ẹlẹ́wà, omi àti iyanrìn ni ó kún ibẹ̀," yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀, ó ń bá àwọn tí ń wá ilẹ̀ ọ̀fẹ́ ṣiṣẹ́. Ilẹ̀ tí a bá ti kọ́ gbogbo ènìyàn láti rí bí òfìfo, kò pẹ́ kí wọ́n tó sọ ọ́ di òfìfo.

Ilé wa náà kò jìnnà sí èyí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, orílẹ̀-èdè Benin ṣe òfin pé kí àwọn àtọmọdọ́mọ àwọn tí a kó lẹ́rú lè gba ẹ̀tọ́ ọmọ orílẹ̀-èdè wa. Àwọn ará Bahia yóò máa wá sí i. Wọ́n yóò wá Kétu, nítorí pé orúkọ Kétu ni wọ́n fi ń pe ìsìn tí wọ́n fi pa ara wọn mọ́. Ilé òrìṣà kan wà ní Salvador tí ń jẹ́ Alákétu, tí ìtàn rẹ̀ sọ pé ọmọ ìdílé Aró, ìdílé ọba Kétu, ni ó dá a sílẹ̀. Ṣé a fẹ́ kí wọ́n fi wákàtí méjì wo wa láti inú mọ́tò, bí àwọn èrò ṣe ń fi ọkọ̀ wo Ganvié láti Kútọnu kí wọ́n tó padà lọ jẹun alẹ́? Ṣé a fẹ́ kí wọ́n ya ojú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kí wọ́n má bi orúkọ ìyá tí a ń jó fún? Bí a kò bá fẹ́ kí wọ́n ṣe é fún wa, kí a má ṣe é fún wọn.

Nítorí náà, ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wa kò pọ̀, kò sì le. Ètò ìrìn-àjò sí Bahia tí kò bá ní ju ọjọ́ kan lọ fún Itaparica, kí a má fọwọ́ sí i. Kí a kọ̀wé ṣáájú sí àwọn ilé tí ó wà níbẹ̀, kí a sọ orúkọ wa, ìlú wa àti ìdílé wa, kí a sì béèrè bóyá wọ́n ń gba àlejò; bí wọ́n bá sọ pé rárá, kí a dúpẹ́. Kí ó jẹ́ ọmọ erékùṣù ni yóò máa fi ọ̀nà hàn wá, kí a sì sanwó fún un gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. Kí olúkúlùkù tí ó bá ń lọ mọ oríkì ìdílé rẹ̀ sórí kí ó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ìwé ìrìnnà wa fún ìjọba ni, oríkì ni ìwé ìrìnnà sí ilé ẹbí. Kí ìwé ìròyìn yìí sì tẹ ìwé pélébé kan jáde ní Yorùbá, ní Faransé àti ní èdè Pọtogí, tí yóò sọ ohun tí ó wà lẹ́yìn òkun, lẹ́yìn àbùùbùtán, lẹ́yìn ìsun, lẹ́yìn ẹrẹ̀ àti lórí òkè Itaparica, láìsọ ohun tí awo kò fẹ́ kí a sọ.

Àwọn baba wa ní Kétu mọ ọ̀rọ̀ yìí kí a tó bí wa. Wọn kò jẹ́ kí àlejò máa gba ibikíbi wọ ìlú. Wọ́n kọ́ Àkàbà Ìdènà, ẹnu ibodè tí ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ méjì, pẹ̀lú àyè láàárín wọn. Ẹni tí ó bá gba èkíní kọjá kò tíì wọlé. Ó ní láti dúró láàárín, kí a bi í ẹni tí ó jẹ́, kí ó dáhùn, kí a tó ṣí èkejì fún un. Òkun ni ìdènà àkọ́kọ́ Itaparica. A lè fi owó gba ìyẹn kọjá lọ́jọ́ kan. Èkejì ń dúró de ẹni tí yóò kí onílẹ̀.